Ẹ̀rí-ọkàn Ta Ni? Bí Èrò Ìgbà Ṣe Ń Wọ Inú Òfin

Ìbéèrè: "Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì sọ fún mi pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òfin ìgbà kọ̀ọ̀kan máa ń jọ èrò ìgbà náà. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ni adájọ́ ń kà, òun náà ni yóò sì fi dájọ́. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Bó bá jẹ́ òun ló jàre, ṣé ó ṣì yẹ ká máa bínú sí àwọn adájọ́ òyìnbó tó pe àṣà wa ní ìwà ẹhànnà, nígbà tó jẹ́ pé èrò ìgbà wọn ni?" (Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìbàdàn)

Bàbá wa, ẹ kú ìbéèrè. Ọmọ yín ló jàre, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò jìnnà sí òótọ́. Lóòótọ́ ni adájọ́ ń ka ohun tó wà nínú ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú ni pé ìwé òfin máa ń fi àyè sílẹ̀, adájọ́ ló sì ń dí àyè náà, ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé gbogbo ayé mọ̀ ló sì máa ń fi dí i.

Bí mo bá ní kí n máa ti ilẹ̀ Gíríìkì bọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa. Gbólóhùn òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká tẹ̀ lé. Ó wà nínú òfin tó dá Supreme Court sílẹ̀ ní Èkó ní 1876. Òfin náà kó òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀lú, bó ṣe wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje 1874. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé kóòtù lè máa lo òfin ìbílẹ̀ àti àṣà, kò sì ní fi àǹfààní rẹ̀ du ẹnikẹ́ni, bí àṣà náà kò bá ti lòdì sí òdodo àdánidá, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere.

Ẹ̀rí-ọkàn ta ni? Òfin kò sọ. Ẹnu ọ̀nà tí èrò ìgbà gbà wọlé nìyẹn. Kóńgò ni gbólóhùn náà: gbogbo ọjà ló ń pè é ní kóńgò, ẹni tó ń fi wọn ọjà ló mọ bí òun ṣe lu ìdí rẹ̀ wọlé tó.

Ká tó mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ́kọ́ fi wọn ọjà, ẹ jẹ́ ká padà sí 1861. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, tí ọkọ̀ ogun wọn, Prometheus, sì wà lórí ọ̀sà. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé Henry Maine lórí òfin àtijọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà ni wọ́n sì tún ìwé John Austin tẹ̀. Onímọ̀ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì. Austin ti kú ní 1859. Nígbà tó wà láyé, ìwọ̀nba èèyàn ló kà á sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wá di olùkọ́ gbogbo lọ́yà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kọ́ Austin kò le. Ó ní òfin ni àṣẹ tí ẹni tí kò ní ọ̀gá pa fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìyà sì ń dúró de ẹni tó bá rú u. Àṣà kì í ṣe òfin, àfi ìgbà tí aláṣẹ bá tipasẹ̀ adájọ́ gbà á wọlé. Maine kò fara mọ́ Austin lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbé àkàsọ̀ fún ìgbà rẹ̀. Ó ní àwùjọ tó ń tẹ̀ síwájú máa ń kúrò níbi tí ipò tí wọ́n bí èèyàn sí ti ń pinnu ẹ̀tọ́ rẹ̀, á wá dé ibi tí àdéhùn tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti ń pinnu rẹ̀. Ẹ da èrò méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi agbára ìjọba amúnisìn tì í lẹ́yìn, ẹ ó rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òfin tó wà lórí adájọ́ ní Èkó nígbà náà: àṣà yín kò tíì di òfin títí a ó fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ṣì wà nísàlẹ̀ àkàsọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń wọn àṣà wa kò jọ ẹ̀kọ́ Austin rárá. Òdodo àdánidá ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Ìjọ ayé àtijọ́ wá, àwọn tó gbà pé Ọlọ́run ti gbin òfin sí ọkàn ẹ̀dá. Ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn ti kóòtù Chancellor ní Lọ́ńdọ̀nù wá, níbi tó jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń jókòó nígbà láéláé. Àwọn adájọ́ ilé-iṣẹ́ East India ló gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Íńdíà ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì ti ibẹ̀ yí ká dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, nílé wọn níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa òfin àdánidá ti di ohun yẹ̀yẹ́. Jeremy Bentham, tó jẹ́ àwòkọ́ṣe Austin, ti sọ pé ẹ̀tọ́ àdánidá tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ èèyàn jẹ́ ìsọkúsọ tó gun agéré. Ohun tí wọn kò gbà gbọ́ mọ́ nílé ni wọ́n kó wá fi wọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn odi.

Àwọn adájọ́ kan tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kò dán mọ́rán. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, ẹjọ́ ilé Olóyè Mábìnúorí tó kú ní 1874, adájọ́ Speed sọ ọ́ gbangba ní 1908 pé kò dá òun lójú pé òun mọ ìtumọ̀ òdodo àdánidá àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ó ní ọ̀rọ̀ ńláńlá ni wọ́n, pé kò ní ṣòro láti fi wọ́n dá ọ̀pọ̀ àṣà ìgbà ẹhànnà lẹ́bi, ṣùgbọ́n yóò ṣòro láti sọ pàtó ohun tí wọ́n jẹ́. Bàbá, ẹ kíyè sí i dáadáa. Kò mọ òṣùwọ̀n, ó sì ti mọ ohun tí òṣùwọ̀n náà yóò kọ̀. Bí èrò ìgbà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìdáhùn máa ń ti dé kí ìbéèrè tó jókòó.

Nígbà tí ẹjọ́ kan náà dé òkè, Osborne, olórí àwọn adájọ́, wo àṣà wa lójú ọ̀tọ̀. Ó ní ohun tó hàn jù lọ nínú àṣà ìbílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni pé ó ṣeé tẹ̀, ó ń bá ìgbà yí láì sọ ara rẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni òfin ti gba ilé ẹbí mọ́ra bí a ti mọ̀ ọ́n. Bí bàbá bá kú, àkọ́bí ọmọkùnrin, ìyẹn dáwódù, ni olórí ẹbí. Bí dáwódù náà bá lọ, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ni yóò bọ́ síbẹ̀, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹjọ́ kan, ìwé òfin kan, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì.

Ibi tí àkàsọ̀ Maine ti hàn jù ni ẹjọ́ Cole àti Cole ní 1898. Ọkùnrin kan tó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kú sí Èkó láì ṣe ìwé ìhágún. Àbúrò rẹ̀ ní àṣà ló yẹ kí a fi pín ogún, kí òun mójú tó o. Kóòtù ní rárá, pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ tọkọtaya náà àti àwọn ọmọ wọn ní ipò kan tí òfin ìbílẹ̀ kò mọ̀, nítorí náà òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pín ogún wọn. Ọkùnrin yẹn kò kọ ẹbí rẹ̀ sílẹ̀, Èkó náà ló sì kú sí. Ìwé ìgbéyàwó ló gbé e gun òkè àkàsọ̀, ó sì dà bíi pé èèyàn kì í padà sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ní 1900, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Asiata àti Goncallo dé. Ọmọ Yorùbá ni bàbá tó ni ogún, Mùsùlùmí ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Brazil, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ ní ìlànà Mùsùlùmí, wọ́n sì tún ṣe é ní ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà sí Èkó, ó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ìlànà Mùsùlùmí. Bí kóòtù bá tẹ̀ lé Cole bó ti wà, ọmọ ìyàwó kejì yóò pòfo. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo irú ìgbésí ayé tí bàbá náà gbé, wọ́n sì fún ọmọ náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹjọ́ Smith àti Smith ní 1924, ó ti hàn pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó láti gba àṣà lọ́wọ́ èèyàn. Èmi gbà pé àwọn àgùdà àti sàró tó kún Èkó, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil àti Sierra Leone, ló fọ́ àkàsọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀, ilé ẹbí lálẹ́: àwọn adájọ́ kò rí ibi tí wọn yóò kó irú wọn sí.

Ẹ̀kọ́ Austin ní tirẹ̀ sá pamọ́ sínú ìlànà ẹ̀rí. Ní 1916, Privy Council, ìyẹn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹjọ́ Angu àti Attah láti Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lo àṣà gbọ́dọ̀ pe ẹlẹ́rìí wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, títí àṣà náà yóò fi di ohun tí kóòtù ti mọ̀ dunjú. Òfin tó ti òkè òkun wá kò pe ẹlẹ́rìí kankan. Àṣà onílẹ̀ ló ń wá ẹlẹ́rìí kiri lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Nínú òfin ẹ̀rí wa tòní, èyí tí a ṣe ní 2011, nǹkan ṣì rí bẹ́ẹ̀, àfi tí kóòtù bá ti mọ àṣà náà tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Privy Council yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí apá kejì ìbéèrè yín wà. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Southern Rhodesia, ìyẹn Zimbabwe òde òní, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1919, Lord Sumner kọ̀wé pé àwọn ẹ̀yà kan wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ lórí òṣùwọ̀n ìṣètò àwùjọ tí èrò wọn nípa ẹ̀tọ́ kò fi lè bá ti àwọn ọ̀làjú pàdé. Èrò ìgbà rèé pọ́ńbélé, kò bo ojú. Ṣùgbọ́n ní 1921, ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló gbọ́ ẹjọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ti Èkó. Ìjọba ti gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní àṣẹ lórí ilẹ̀ nìkan ló ní, pé kò tọ́ sí i kí wọ́n san owó ilẹ̀ gangan fún un. Viscount Haldane, ẹni tó ti kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Göttingen ní Jámánì ní ìgbà èwe rẹ̀, kìlọ̀ pé kí a má máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ tí àwọn èèyàn ní lórí ilẹ̀ wọn. Ó ní ìlú tàbí ẹbí ló ni ilẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì pé, kí ìjọba san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Olóyè borí.

Kí ẹ má ṣe rò pé Haldane ti jábọ́ láti inú ìgbà tirẹ̀ o. Ohun tó gbára lé ni ìròyìn tí Rayner, olórí àwọn adájọ́ Èkó, kọ ní 1898 pé ilẹ̀ kì í jẹ́ ti ẹnì kan ní ilẹ̀ wa láéláé. Láéláé kẹ̀! Èrò pé àwùjọ àtijọ́ kò mọ ohun ìní ẹnì kọ̀ọ̀kan, àkàsọ̀ kan náà ló ti bọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rere ni wọ́n fi wò ó, ó sì gbè wá, nítorí náà a kò bi í léèrè púpọ̀.

Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, lọ́wọ́, ìyẹn sì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti Èṣùgbàyí Elékòó. Ní 1925 wọ́n rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àlàyé ìjọba ni pé àṣà ni pé kí ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Lord Atkin sì dájọ́ ní 1931. Ó ní ìjọba kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láì fi hàn ní kóòtù pé òfin fún wọn láṣẹ. Ó tún sọ ohun méjì nípa àṣà. Èkínní, kóòtù kò lè fúnra rẹ̀ sọ àṣà ẹhànnà di èyí tó rọ̀. Bó bá burú, kó kọ̀ ọ́ ni. Èkejì, ìfọwọ́sí àwọn ará ìlú ló ń sọ àṣà di ohun tó múlẹ̀, ì báà jẹ́ àṣà ẹhànnà tàbí èyí tó rọ̀.

Èkejì yẹn ti Austin ṣubú. Bó bá jẹ́ ará ìlú ló ń sọ àṣà di òfin, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ aláṣẹ tí kò ní ọ̀gá? Síbẹ̀ ẹnu Lord Atkin kan náà ṣì ń pe àṣà ní ẹhànnà láì tijú. Èèyàn lè jáwọ́ nínú èrò ìgbà rẹ̀ ní apá kan kó má sì mọ̀ pé òmíràn ṣì dì mọ́ òun lọ́rùn.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara lásán ni, ẹ gbọ́ ti Dáwódù àti Dánmọ́lé. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi la ó fi pín ogún, tí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan láì ka iye wọn, àbí orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín tó dọ́gba? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ni Olúmúyìwá Jíbówú, ọmọ wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ dé ipò yẹn. Òun ló fọwọ́ rọ́ ìdí-igi sẹ́yìn, ó ní ó lòdì sí òdodo àdánidá, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ilé-ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi jẹ́ ara òfin ìbílẹ̀ Yorùbá. Ní 1962, Privy Council dúró tì wọ́n: ẹ̀rí-ọkàn rere ní ilẹ̀ tí wọ́n ti gba ìkóbìnrinjọ kì í kàn ṣe ti ilẹ̀ tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ìyàwó kan.

Àwọn òyìnbó ló gbèjà ìdí-igi, ọmọ Yorùbá ló kọ̀ ọ́! Kò yà mí lẹ́nu. Ìran tí Jíbówú ti wá ti rí ìdọ́gba ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀làjú. Lọ́ńdọ̀nù 1962 sì ti ń kó ẹrù ìjọba amúnisìn kúrò nílẹ̀, ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àṣà ẹlòmíràn. Èrò ìgbà méjì ló pàdé nínú ẹjọ́ kan.

Lẹ́yìn òmìnira, gbólóhùn 1876 kò kúrò. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń fi kóńgò náà wọn ọjà. Ní 1997, Niki Tobi ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi gbólóhùn yìí kọ àṣà Oli-ekpe ti Nnewi ní ilẹ̀ Ìgbò nínú ẹjọ́ Mojekwu, nítorí pé àṣà náà fi ọmọbìnrin sí ẹ̀yìn nínú ogún. Ó ní a kò nílò láti rìn lọ sí Beijing ká tó mọ̀ pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò bá ayé ọ̀làjú tí a wà mu. Ìpàdé Beijing lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wáyé ní 1995. Ìgbà ti fi èdìdì rẹ̀ sí ìdájọ́ náà níwájú yín. Òṣùwọ̀n ọ̀làjú tí Sumner gbé ló tún jáde, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fi ogún dù ni wọ́n fi gbè lọ́tẹ̀ yìí. Ní 2004 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ bá Tobi wí lórí pé ó sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí ẹjọ́ náà gbé wá. Ó tó 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, kí ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ tó sọ pé àṣà tó bá fi ogún bàbá du ọmọbìnrin kò lè dúró. Abala 42 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ni wọ́n sì gbé e lé, wọn kò fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn adájọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin àti ilé ẹbí ti yanjú láti ẹjọ́ Lopez ní 1924, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹjọ́ Nnewi bú gbogbo àṣà Áfíríkà.

Ṣé ó yẹ ká máa bínú? Èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé "èrò ìgbà wọn ni" kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìgbà kì í ní èrò kan ṣoṣo. Ní 1897, ọdún kan ṣáájú Cole àti Cole, John Mensah Sarbah, lọ́yà ọmọ Gold Coast, ti kọ òfin ìbílẹ̀ àwọn Fante sílẹ̀ bí òfin tó ní ìlànà, kì í ṣe bí ìtàn àlọ́. Osborne wà ní ìgbà Speed. Ọdún díẹ̀ péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ Sumner àti ti Haldane. Nítorí náà, ẹ má bínú sí adájọ́ torí pé ó bá èrò ìgbà rẹ̀ rìn. Kò sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bínú sí èyí tí ẹlẹ́rìí dúró níwájú rẹ̀, tó ń ṣàlàyé àṣà fún un, tó sì ti parí ìdájọ́ kó tó gbọ́.

Mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ yín sọ ọ́ di pé kò sí ohun tó dára tàbí tó burú nínú òfin, pé bí ìgbà bá ti wí ni. Ní 1930, gbólóhùn 1876 yìí kan náà ni kóòtù fi sọ fún ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olówó ẹrú pé kò ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ ẹrú fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Ẹjọ́ Effiong Okon Ata ni. Èmi kò mọ ẹni tó fẹ́ kí ìyẹn yí padà.

Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ ka ìdájọ́ méjèèjì nínú Lewis àti Bánkọ́lé, ti Speed àti ti Osborne, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó tó ka ìwé àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà kó wo abala 18 òfin ẹ̀rí 2011. Gbólóhùn náà ń bẹ níbẹ̀, digbí. Kó wá bi ara rẹ̀ léèrè nípa ìdí-igi. Abala 42 ní kí a má torí ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ọmọ fi ohunkóhun dù ú. Bí ìyàwó kan bá ní ọmọ kan, tí èkejì ní mẹ́fà, ìdí-igi yóò fún ọ̀kan ní ìdajì ogún, yóò sì da ìdajì yòókù sáàárín àwọn mẹ́fà, nítorí inú ìyá tí wọ́n ti jáde. Bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé Àbújá lọ́la, èmi kò ní fi owó mi ta á pé ìdájọ́ 1962 ni yóò dúró.